Màdáámù, ọmọ mi kò parọ́: lẹ́tà sí olùkọ́ kan ní Kétu

Sí Màdáámù tó ń kọ́ àwọn ọmọ CE2, kíláàsì kẹrin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, nílùú Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin.

Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìrọ́jú àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dojú kọ gbogbo wọn láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Èmi tí mo bí mẹ́ta péré, ariwo wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nítorí náà, ẹ má rò pé ìjà ni mo gbé wá.

Èmi ni ìyá ọmọkùnrin tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, èyí tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹ ní kí kálukú dìde kó sọ nǹkan kan nípa ilé wọn. Ẹnìkan ní bàbá òun ní mọ́tò. Ẹnìkan ní ìyá òun ń ta gààrí. Nígbà tó kan tèmi, ó dìde, ó ní: "Alẹ́ ọjọ́ tí ogun wọ Kétu, mo wà níbẹ̀." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ bi í pé ọdún wo ni ogun ọ̀hún, ó ní 1886. Ẹ bi í pé ọmọ ọdún mélòó lòun fúnra rẹ̀, ó ní mẹ́jọ. Nígbà tó délé tí mo ṣí ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni mo rí tí ẹ fi bíìkì pupa kọ, tí ẹ fa ìlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì: menteur. Òpùrọ́.

Kí n má tàn yín, èmi gan-an kọ́kọ́ gbà yín gbọ́. Mo ti mú pàṣán lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi àgbà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bi mí pé kí ló dé. Mo rò fún un. Ó ní kí ọmọ náà tún ohun tó sọ ní kíláàsì sọ kí òun gbọ́. Ó tún un sọ. Ìyá rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́, ó wá wojú mi, ó ní, "Ó gbọ́ ọ dáadáa nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ Ìyá yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ń kọ lẹ́tà yìí ní Yorùbá torí pé Yorùbá la fi sọ ìtàn náà fún ọmọ. Tí mo bá gbé e sí Faransé, òkú rẹ̀ lẹ máa rí. Aládùúgbò yín kan tó jẹ́ ọmọ ilé wa ti ní òun á jókòó tì yín, òun á túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Mo sì gbé e síta gbangba torí pé èmi nìkan kọ́ ni òbí tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí nílùú yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí nílé wa lálẹ́. Tí a bá jẹun tán, yálà iná wà tàbí kò sí, Ìyá á ní ká gbé àtùpà wá. Iná gílóòbù kì í bá a lára mu fún iṣẹ́ yìí. Ó ní ó ń tú àṣírí ògiri. Ìyá kì í sì í sọ ìtàn lọ́wọ́ òfìfo. Atẹ ẹ̀gúsí ló máa ń wà lórí itan rẹ̀, á máa fi èékánná ya èèpo rẹ̀, èèpo á máa bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ náà á máa bá a bó o. Bí ọwọ́ ọmọ kan bá dúró, ẹnu Ìyá náà á dúró. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọgbọ́n ló ń dá: ìtàn ni owó iṣẹ́ tó ń san fún wọn. Ẹ̀gúsí tí mo bó láti kékeré, tí wọ́n bá ní kí n gbowó rẹ̀, mo ti kọ́lé.

Nínú gbogbo ohun tó ń sọ, ọ̀kan wà tí àwọn ọmọ kì í jẹ́ kó sinmi lé lórí. Ìtàn ìyá àgbà tirẹ̀ ni, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n sì kó àwọn tí ìdà kò pa lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì. Ebi ti wà nínú odi tipẹ́. Lọ́jọ́ tí ìlú fọ́, ìyá ọmọbìnrin yẹn fi igbá irú kékeré kan lé e lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ́ kó bọ́." Wọ́n jọ dé Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú, èrò pọ̀, wọ́n tú ká. Kò fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n igbá irú kò bọ́. Ní gbogbo òru tí wọ́n fi rìn, bí ẹkún bá ti fẹ́ gbé e, á ṣí igbá náà díẹ̀, á gbóòórùn ọbẹ̀ ilé wọn, á tún dé e.

Màdáámù, ẹ tẹ́tí sí bí Ìyá ṣe ń sọ ọ́. Kì í sọ pé "wọ́n". Ó máa ń ní, "A gba ẹnu ọ̀nà jáde. A ò bojú wẹ̀yìn. Òùngbẹ ń gbẹ wá." Àwa ta? Nǹkan bí ọdún 1940 ni wọ́n bí Ìyá! Bó bá sì dé ibi "Má jẹ́ kó bọ́", ó máa ń di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ wá wo ọwọ́ àwọn ọmọ lásìkò náà. Gbogbo wọn ló máa ń dì pa, tẹ̀gúsí-tẹ̀gúsí, òmíràn tilẹ̀ máa ń run mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo wà ní CP, kíláàsì kejì, ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí. Lálẹ́ àná, bó ṣe dé ibẹ̀, mo rí i pé mo ti di etí ìró mi mú.

Láàárín 1886 àti ọmọ mi, ẹnu méjì péré ló wà: ẹnu ọmọbìnrin onígbá irú àti ẹnu Ìyá. Ojú ọmọ mi kò rí ogun. Ọwọ́ rẹ̀ ló dì. Ó sọ fún yín pé òun wà níbẹ̀, bí àwọn tó sọ ọ́ fún un ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ náà mọ irọ́ pa o, n kò gbè é lẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá, ọgọ́rùn-ún sẹ́fà kan pòórá lórí tábìlì mi, ó ní èkúté ló gbé e. Èkúté! Mo nà án, ó sì tọ́ sí i. Nígbà tó ń sọ ti èkúté, kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè kọjá. Irọ́ kì í fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ti wọlé. Àlọ́ ní tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti ń ké: "Ààlọ́ o!" Bí a kò bá sì dá a lóhùn pé "Ààlọ̀!", kò lè wọlé wá. Àlọ́ á dá fìrìgbágbòó, á dá lórí Alábahun Ìjàpá. Kò sí ẹni tó jókòó níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ìjàpá kì í sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó dìde. Tó bá parí, ẹni tó pa á á búra pé bí òun bá parọ́, kí agogo ẹnu òun má ró, á wá fìka gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́: pó, pó, pó. Láti ìgbà tí eyín ọmọ mi ti yọ, agogo tirẹ̀ kì í ró dáadáa mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pè é ní òpùrọ́ kó tó kan yín.

Kí ló dé tí a fẹ́ràn nǹkan yìí tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti máa ń rò ó, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jèrè rẹ̀. Tí Iléyá tàbí Nọ́ẹ́lì bá ku ọ̀la, aṣọ kì í parí bí a ṣe ṣàdéhùn rẹ̀ (ẹ má bi mí nídìí, aránṣọ ni mí), ẹni tó ni ín á sì dé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Mo ti mọ ohun tí mo ń ṣe. Mà á ní, "Ẹ jókòó ná, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lánàá." Kò ní pẹ́, ìjà á ti kúrò lójú rẹ̀, "kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ló máa kù lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan ní òun kàn yà láti wo aṣọ òun ni. Ó jókòó títí ẹ̀wà rẹ̀ fi jóná nílé. Ó bú mi bí ẹni láyin. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá gbọ́ ìyókù.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Mo sin ewúrẹ́ rí, mo sin adìyẹ. Wọ́n mọ ebi, wọ́n mọ ẹ̀rù, wọ́n mọ ọmọ wọn. N kò rí èyí tó dúró béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewúrẹ́ ìgbà ìwáṣẹ̀.

Èyí tó sì ń yà mí lẹ́nu jù ni pé a mọ ibi tí yóò já sí. Kò sí ọmọ kan lágboolé wa tí kò mọ̀ pé ẹ̀bẹ gbígbóná tí Ìjàpá bù sínú fìlà nílé àna rẹ̀ máa bó o lórí. Bó bá ti ń dá gbére fún àwọn àna, tí wọ́n ń sìn ín sọ́nà, tí wọn kò sì tètè padà, àwọn ọmọ á ti máa fọwọ́ bo orí ara wọn. Bó bá ṣe pé torí ká lè mọ òpin rẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ìtàn, ẹ̀ẹ̀kan ni à bá máa gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan wà. Bàbá rẹ̀ kọjá ẹnubodè lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó ti tó ọdún mẹ́ta, owó kì í wá, ohùn rẹ̀ kì í wá. Lálaalẹ́ tí ọmọ yẹn bá ti wà níbẹ̀, àlọ́ kan náà ló máa ń bẹ Ìyá pé kó pa: ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sínú igbó, tí orin tó ń kọ mú un délé. Àwọn tó kù á kùn pé ó ti sú wọn. Ìyá á pa á. Tó bá kan ègbè, ohùn ọmọ yẹn ló máa ń ròkè jù. N kò bi í léèrè nǹkan kan rí. Nínú àlọ́, ẹni tó sọnù á délé kí àtùpà tó kú. Ọmọ náà á gba ọjọ́ kan kún ọjọ́ pẹ̀lú ìyẹn, á sì lọ sùn.

Ó yẹ kí n kúrò lágboolé wa díẹ̀, torí ìlú tí ẹ ń gbé yìí náà, Màdáámù, ẹnu ló gbé e dúró. Lẹ́yìn 1886, ahoro ni Kétu. Nígbà tí àwọn Faransé gba Agbómẹ̀ ní 1892, àwọn ẹrú tí ẹ̀mí wọn kù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ẹ fojú inú wò ó: koríko ti bo àgbàlá, kò sí ìwé, kò sí máàpù. Ta ló ni ilẹ̀ yìí? Ìdílé wo ló kàn láti jọba? Ọba mélòó ló ti jẹ? Ohun tí wọ́n rántí ni wọ́n fi kọ́ ìlú. Oyè kan wà nílẹ̀ yìí, Bàbá Ẹlẹ́gùn, tó jẹ́ ti ìdílé kan. Iṣẹ́ ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni kó mọ ìtàn Kétu sórí, láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé Ifẹ̀, ọba kan tẹ̀ lé òmíràn, kó sì kà á síta nígbà tí a bá ń fi Alákétu tuntun jẹ. Ogun lè jó àga. Kò jó ohun tó wà lẹ́nu ẹni yìí. Nígbà tó sì yá, ọmọ Kétu kan, Bàbá Thomas Moulero, ẹni àkọ́kọ́ tó di àlùfáà Kátólíìkì nínú àwọn ọmọ Dàhòmì ní 1928, jókòó ti àwọn àgbà, ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Lẹ́nu wọn ló ti gbà á.

Àwọn tí wọ́n tà kọjá òkun ńkọ́? Ní Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, àwọn olórìṣà wà títí dòní tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ketu, tí wọ́n ń sọ pé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni ọba Kétu. Itan ni wọ́n ń pe ìtàn òrìṣà wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ bí ẹnu Àkàbà Ìdẹ̀nà ṣe rí, wọn kò gbọ́ èdè wa tán, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní ọmọ ibí làwọn. Ẹ ò ní kọ menteur sí ìwé gbogbo wọn?

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìkarahun ìgbín kún un. Nígbà tí bàbá mi wà ní ilé-ìwé, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, ìkarahun ìgbín ni wọ́n ń fi kọ́ ọ lọ́rùn. Á gbé e kiri títí á fi gbọ́ tí ẹlòmíràn ṣe irú àṣìṣe kan náà, á bọ́ ọ fún ìyẹn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ títí ilé-ìwé fi parí ló máa jẹgba. Bàbá mi ní ohun tó dun òun jù kì í ṣe ẹgba, bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe máa ń ṣọ́ ẹnu ara wọn ni. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá sọ fún un, níwájú mi, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Kétu pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọba méjì tó jẹ́ ìbejì ń jà sóyè. Ọ̀kan fẹ́ pa èkejì. Èyí tí wọ́n fẹ́ pa gbẹ́ igi lórí bí ènìyàn, ó so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó gbé e sójú ọ̀nà lóru. Nígbà tí ìkarahun dún, arákùnrin rẹ̀ tó mú ọ̀bẹ bọ̀ sá lọ. Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn, ó ní, "Ìkarahun yẹn náà?" Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i tó ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ̀rọ̀ ilé-ìwé rẹ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun iyì gbogbo ayé, tí wọ́n sì kọ sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Ẹ̀fẹ̀ á jáde lóru, á kọrin ẹni tó jalè àti ẹni tó ń lu ìyàwó rẹ̀, gbogbo ọjà á rẹ́rìn-ín, ẹni tí orin ń bá wí á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú kí wọ́n má bàa mọ̀ pé òun ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún un lójú lọ́sàn-án ti wọ ọ́ létí.

Mo mọ ohun tí ẹ lè sọ. Ẹ lè ní ìfẹ́ ìtàn yìí náà ló ń pa wá. Òótọ́ ni. Nígbà àìsàn Kòrónà, ohùn obìnrin kan dé sórí WhatsApp mi, ó ń sunkún, ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló pa ọmọ òun, ó dárúkọ ọmọ, ó dárúkọ ìlú. Mo fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́tàdínlógún kí n tó jẹun. Lọ́sẹ̀ kejì, ohùn kan náà tún dé, ẹkún kan náà, orúkọ ọmọ ti yàtọ̀, ìlú ti yàtọ̀. Ojú tì mí. Kò kan ilẹ̀kùn, kò ké "ààlọ́ o". Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ ọmọ mi láti máa béèrè pé ta ló sọ ọ́, ibo lẹni náà ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, á dárúkọ Ìyá fún yín, Ìyá á dárúkọ ọmọbìnrin onígbá irú. Ọ̀nà náà kò gùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó wúwo lẹ́nu mi. Wọ́n ní Agbómẹ̀ ni ilé yín. Bóyá bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe dìde láti sọ ti ogun yẹn lójú yín, tí gbogbo kíláàsì sì yíjú sí yín, ó dà bíi pé wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn yín. N kò mọ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Nínú ìtàn Ìyá, obìnrin kan wà ní Agbómẹ̀, Fọ̀n ni, ẹ̀yà àwọn ará Agbómẹ̀, tó rí ọmọ tó di igbá mọ́ àyà, tó fún un ní omi, tí kò sì já igbá náà gbà. Ìyá kì í fo obìnrin yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ mi ì bá dé orí rẹ̀ ká ní ẹ jẹ́ kó parí. Ẹ̀yin Fọ̀n náà ní hwenuxo, ẹ ní xexo, bí àwa náà ṣe ní ìtàn tí a ní àlọ́. Ẹ mọ̀ dájú pé kì í ṣe irọ́ ni ìyá àgbà tiyín ń pa fún yín lálẹ́.

N kò ní kí ẹ tọrọ àforíjì. Ẹ kàn jẹ́ kó tún dìde lọ́jọ́ kan, kó sọ ọ́ dé òpin, ní Faransé tó bá jẹ́ pé ó di dandan. Tó bá dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn, wọ́n máa ní kó kọ ìtàn sórí ìwé, ibẹ̀ ló ti lè fi kọ́ra. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó fi "Ìyá mi àgbà sọ fún mi pé" ṣíwájú. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bi mí pé ṣé Ìyá náà máa ń fi ṣíwájú ni.

Ìyá ní kí n pè yín wá sílé. Ọjọ́ Sátidé ló dára, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ má wá lọ́sàn-án, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ó ní kí ẹ mú ọ̀kan lára tiyín wá, òun kò gbọ́ Fọ̀n ṣùgbọ́n òun á gbọ́ ibi tó bá yẹ kí òun ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gúsí á wà nílẹ̀, ẹ máa bá wa bó o. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kan dání, torí mẹ́rin la ní, ọ̀kan sì ti kán lẹ́sẹ̀.

Èmi ni ìyá ọmọ ẹ̀bá fèrèsé,
aránṣọ, Kétu.